Oòrùn pọ̀ ní Kétu, oorun ni igi ápù ń wá

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Kétu ni mo ń gbé. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọmọ mi tó wà ní Angers nílẹ̀ Faransé gbé igi ápù kan wá fún mi nínú àpótí rẹ̀. Ó ní Calville blanc d'hiver ni wọ́n ń pè é, pé ápù àtijọ́ tó lórúkọ ni. Mo gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé. Kò kú, ṣùgbọ́n kò ṣe dáadáa. Ó ga tó mi, orí téńté nìkan ni ewé rẹ̀ wà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí ọ̀pá lásán. Kò tíì tanná rí. Aládùúgbò mi kan ní akọ ni. Òmíràn ní kí n kan ìṣó mẹ́ta mọ́ ọn lára. Ọmọ mi ní òtútù ni kò rí, nítorí náà alaalẹ́ ni mo ń da omi dídì láti inú fíríìjì sí ìdí rẹ̀. Kí ni mo tún lè ṣe kí n tó jẹ nínú èso rẹ̀? Èmi Ìyá Olùkọ́, Kétu."

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú àfaradà aládùúgbò. Nígbà tí mo ka ibi omi dídì nínú lẹ́tà yín, mo bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin ni mo fi rín. Èmi náà ti fi àpò tútù wé igi ápù rí ní Àjàṣẹ́ níbí, mo gbé fáànù síwájú rẹ̀, mo sì jẹ́ kó máa fẹ́ ẹ láti alẹ́ dé òwúrọ̀ fún oṣù kan gbáko. Nígbà tí owó iná dé, ìyàwó mi fi mí joyè Baálẹ̀ Fáànù. Oyè náà kò tíì kúrò lórí mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó kàn. Igi yín kò ṣàìsàn, kò yàgàn, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe é. Kò sùn dénú láti ọdún mẹ́ta ni. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni ọmọ yín gbọ́ nígbà tó ní òtútù ni kò rí: òtútù kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀, ẹní tó fi ń sùn ni. Oòrùn tí Ọlọ́run fún Kétu pọ̀ ju èyí tí igi náà fẹ́ lọ. Oorun ni kò rí.

Kì í ṣe ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ti bí ápù. Orí àwọn òkè Tien Shan, níhà Kazakhstan, ni igbó tí ìran rẹ̀ ti jáde wà, yìnyín a sì máa bo ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dọọdún. Igi tó bá rúwé láàárín yìnyín, ewé ọ̀hún á kú. Ìdí nìyí tí ápù fi ń wọ́ ewé dànù bí òtútù bá ti dé, tí á ti gbogbo ojú ara ẹ̀ka rẹ̀ pa, tí á sì sùn. Ibi jíjí ni ọgbọ́n rẹ̀ wá wà. Láàárín òtútù yẹn, oòrùn lè ràn fún ọjọ́ mẹ́ta tí ara gbogbo ẹ̀dá á móoru. Igi tó bá tìtorí ìyẹn jí ti ko àgbákò. Nítorí náà ápù ń ka wákàtí. Gbogbo wákàtí tí afẹ́fẹ́ bá wà láàárín òdo àti dígírì 7 ni ó ń dá jọ bí ẹni ń dá àjọ. Àjọ tí kò bá pé, kò ní kó o. Ìgbà tó bá pé, tí ara ilẹ̀ sì wá móoru, ni gbogbo ojú ara rẹ̀ á là papọ̀, ewé àti òdòdó.

Ọ̀pọ̀ àwọn ápù àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ń bèèrè wákàtí 800 sí 1,000. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò: 1,000 wákàtí jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 42, tọ̀sán tòru, tí kò gbọdọ̀ móoru ju inú fíríìjì lọ. Ní Kétu, lówùúrọ̀ ọyẹ́ tó le jù, tí ètè ń là, tí àwọn ọmọ ń yáná kí wọ́n tó lọ sílé-ìwé, kò ní sún mọ́ dígírì 7 rárá. Ohun tí igi yín ti dá jọ láti ọdún mẹ́ta, òdo ni.

Èyí ló fà á tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi rí bí ọ̀pá. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa lọ́jọ́ tí ojú bá mọ́. Lára ọ̀pá tẹ́ ẹ rò pé ó ṣófo yẹn, ẹ ó rí àwọn kókó kéékèèké, tí wọn kò tó orí ìṣáná, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara igi pẹ́kípẹ́kí, tí wọ́n ní irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti etí ológbò. Ojú ẹ̀ka nìyẹn. Ẹ fi èékánná ha èèpo díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan: abẹ́ rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, á sì ní àwọ̀ ewé. Wọn kò kú. Ojú orí téńté ni kì í sùn wọra, òun nìkan ló ń là lọ́dọọdún. Àwọn tó kù ń tòògbé, wọn kò sùn dénú, wọn kò sì jí. Ẹni tó bá tọ́ ọmọ ọwọ́ tí ẹ̀fọn kò jẹ́ kó sùn mọ ohun tí mò ń wí.

Ní ti omi dídì, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró lálẹ́ òní. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ń dá àjọ tirẹ̀, gbòǹgbò kì í bá wọn dá a. Bẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀ka kan ṣoṣo sínú òtútù tó yẹ, tẹ́ ẹ fi ìyókù igi sílẹ̀ nínú ooru, ẹ̀ka yẹn nìkan ni yóò jí. Ohun tí omi dídì ń ṣe fún gbòǹgbò igi tó wà nínú ilẹ̀ pupa gbígbóná ni pé ó ń dá a níjì. Ẹnì kan ti bi mí rí bóyá a lè gbé igi inú ìkòkò lọ sí yàrá òtútù àwọn ẹlẹ́ja. Yàrá ẹlẹ́ja máa ń wà ní dígírì 18 sísàlẹ̀ òdo. Gbòǹgbò inú ìkòkò á dì, igi á sì kú. Ìwọ̀n 4 tàbí 5 ló dára, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láìjẹ́ kí iná lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe ládùúgbò yín.

Kí n wá sọ̀rọ̀ igi náà fúnra rẹ̀, torí pé ó dùn mọ́ mi pé òun ló bọ́ sọ́wọ́ yín. Mo ṣiṣẹ́ ìkórè ápù fún sáà méjì nítòsí Angers nígbà tí mo ṣì lágbára. Ọ̀gá tó gbà wá ní igi tí ojú kò lè tán, ṣùgbọ́n Calville mẹ́ta péré ló ní, kì í sì í jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan án. Èso rẹ̀ kì í rí roboto bí ápù tí wọ́n ń tà ní Kútọnu. Ó ní ìlà gbọ́ọ̀rọ̀-gbọ́ọ̀rọ̀ lára bíi tòmátì ìbílẹ̀ wa, ó ṣe wọ́kuwọ̀ku, àwọ̀ rẹ̀ funfun mọ́ ìyeyè. Bẹ́ ẹ bá já a ní Oṣù Kẹwàá tẹ́ ẹ gé e jẹ, ẹ ó tu ú dànù: ó le, ó kan. "D'hiver" inú orúkọ rẹ̀, "ti ìgbà òtútù" ni. Inú àká ni ó ti ń gbó. Nígbà tó bá fi máa di Oṣù Kejìlá tàbí Oṣù Kìn-ín-ní, òórùn rẹ̀ á ti gba gbogbo ilé, kíkan rẹ̀ á ti bá adùn pàdé. Bí wọ́n bá dín in nínú bọ́tà àti ṣúgà, kì í fọ́ yángá. Ìyẹn làwọn tó ń ṣe tarte, àkàrà òyìnbó tí wọ́n ń tẹ́ èso lé, nílẹ̀ Faransé fi ń wá a kiri.

Ṣùgbọ́n onídààmú igi ni, nílé rẹ̀ pàápàá. Àwọn mẹ́ta tí mò ń wí yẹn, ẹ̀gbẹ́ ògiri tó dojú kọ gúúsù ni wọ́n gbìn wọ́n sí, wọ́n na ẹ̀ka wọn mọ́ ògiri bí ẹni sá aṣọ, kí ooru tí ògiri bá gbà lọ́sàn-án lè máa yá wọn lára lóru. Nínú ọ̀rinrin, àrùn èépá ń mú ewé àti èso rẹ̀, á di dúdú kàlákàlá. Egbò a máa jẹ ara ẹ̀ka rẹ̀. Kòkòrò a sì máa lu inú èso. Ní Montreuil, lẹ́bàá Paris, níbi tí wọ́n ti mọ ògiri gbọọrọ nítorí igi eléso, wọ́n máa ń fi àpò bébà wọ Calville lọ́kọ̀ọ̀kan lórí igi. Ẹ má gbàgbé àpò bébà yẹn, a ó tún padà sórí ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé igi tó ń fẹ́ òtútù gidi láti sùn, tó tún ń fẹ́ ooru ògiri láti gbó, tó sì kórìíra ọ̀rinrin, ni wọ́n gbé wá sí ilẹ̀ tó ní àsìkò òjò méjì lọ́dún. Ọmọ yín nífẹ̀ẹ́ yín o. Ó kàn mú ọmọ ọba wá síbi tí kò sí ààfin ni.

Aládùúgbò tó ní akọ ni, ìbẹ́pẹ ló ń rò. Ìbẹ́pẹ ní akọ, ó ní abo. Òdòdó ápù kọ̀ọ̀kan ní ti akọ, ó sì ní ti abo, ṣùgbọ́n kì í gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀. Èèwọ̀ ìdílé ni, bí a kì í ti í fẹ́ ọmọ bàbá ẹni. Ẹ sì wò ó: gbogbo Calville tó wà láyé, igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń gé ẹ̀ka rẹ̀ lọ́ mọ́ ìdí igi mìíràn láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún wá. Bẹ́ ẹ bá gbin mẹ́wàá, ẹnì kan náà lẹ gbìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọn kò lè fẹ́ ara wọn. Ápù irú mìíràn, tó ń tanná lásìkò kan náà, ni oyin gbọ́dọ̀ gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ wá. Nítorí náà bí igi yín bá tilẹ̀ tanná lọ́la, òun nìkan kò ní so.

Mo mọ̀ ọ́n lára, kì í ṣe ìwé ni mo kà. Igi tí mo gbé fáànù sí yẹn, Reine des Reinettes ni, ápù àtijọ́ òun náà. Ní ọdún kẹfà, láìròtẹ́lẹ̀, ó yọ òdòdó mẹ́ta ní Oṣù Kẹjọ, funfun tó ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn. Mo fa ìyẹ́ adìyẹ yọ, mo ń fi í tọ́ inú òdòdó kan sí ìkejì, bí ẹni ń kun ojú ọmọ ní tìróò. Ọ̀kan wú tó ìwọ̀n èkùrọ́. Mo pe gbogbo ilé wá wò ó. Ní ọjọ́ kejìlá ó já bọ́. Mo là á, kò sí kóró kankan nínú rẹ̀.

Ìṣó ńkọ́? Mi ò ní fi aládùúgbò yín ṣe yẹ̀yẹ́, torí a máa ń fi àdá ṣá máńgòrò tí kò bá so, ó sì ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn: ọgbẹ́ ara èèpo ń dí oúnjẹ tí ewé ṣe lọ́nà, kò jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ sí gbòǹgbò, ó sì ń di òdòdó lókè. Ṣùgbọ́n igi tí kò sùn kò ní òdòdó tó máa là. Ìṣó á kàn ṣílẹ̀kùn fún àrùn egbò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni.

Ṣé pé ápù kò lè so ní ilẹ̀ gbígbóná rárá nìyẹn? Ó lè so, ọ̀nà rẹ̀ sì wuni gbọ́. Ní ìlú Batu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Malang, ní erékùṣù Java ní Indonesia, wọ́n ń kórè ápù lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ibi tí wọn kì í rí òtútù tó kéré sí dígírì 7 fún ìgbà tó nítumọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọn kò jẹ́ kí igi sùn rárá. Ìgbà tí wọ́n bá ti kórè tán tí nǹkan bí oṣù kan kọjá, wọ́n á fọwọ́ já gbogbo ewé igi, gbogbo rẹ̀ pátá, wọ́n á wá dẹ àwọn ẹ̀ka rẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n má dúró ṣánṣán. Ojú tó ti ní òdòdó nínú, tí kò sì tíì sùn wọra, á là nígbà tí kò bá rí ewé tó ń dá a dúró. Ọjọ́ ń kúrú, ọjọ́ ń gùn, kò kan ápù; òtútù ló ń lé e wọ ibùsùn. Níbi tí òtútù kò bá sí, èèyàn lè dè é lọ́nà kó tó sùn.

Ẹ má tíì lọ já ewé o. Ẹ ka ìyókù.

Ìdíwọ́ méjì ló wà. Àkọ́kọ́, Batu wà lórí òkè, láàárín mítà 700 sí 1,200, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù lóru. Ní Uganda, Kabale tí wọ́n ti ń gbin ápù ga ju ìyẹn lọ. Chencha ní Ethiopia tún ga ju Kabale lọ. Òkè Sokbaro, tí wọ́n sábà máa ń kà sí èyí tó ga jù ní gbogbo Benin, nǹkan bí mítà 658 ni. Òkè Ṣábẹ lẹ́wà lójú, àwọn tó ń gun òkúta ń ti ọ̀nà jíjìn wá gùn ún, kò lè tutù tó Batu láé. Ìkejì, kì í ṣe Calville ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Ní tiwa níbí, ápù tí àjọ rẹ̀ kéré la gbọ́dọ̀ wá.

Méjì nínú irú wọn ni mo máa dábàá fún yín. Ọ̀kan ni Anna, tí wọ́n mú jáde ní Ein Shemer, kibbutz kan (abúlé oko àjùmọ̀ní) ní Israel, láti ara Golden Delicious. Wákàtí 200 sí 300 ló ń fẹ́. Ìkejì ni Dorsett Golden, tí wọ́n rí ní Nassau ní erékùṣù Bahamas, ilẹ̀ tí etí òkun rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa. Nǹkan bí 100 péré lòun ń bèèrè. Àwọn méjèèjì ń tanná lásìkò kan náà, wọ́n sì lè fẹ́ ara wọn.

Ibi tí igi yín ti máa wúlò nìyí. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ gé e sọnù. Gbòǹgbò rẹ̀ ti mọ ilẹ̀ Kétu, ó ti la ìgbà ẹ̀rùn mẹ́ta kọjá, ikán kò jẹ ẹ́. Irú ìdí bẹ́ẹ̀ níye lórí. A ó fi í ṣe ìyá, a ó lọ́ Anna sí apá kan, Dorsett Golden sí apá kejì, a ó sì fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún Calville nítorí ọmọ yín. Bí wọ́n ti ń lọ́ ọsàn dídùn mọ́ ìdí ọsàn kíkan náà ni. A ó la orí ẹ̀ka tí a gé bí ẹnu, a ó fi ọ̀bẹ mímú gbẹ́ ìdí ẹ̀ka tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì títí tí yóò fi rí bí ahọ́n, a ó kì í bọ ẹnu yẹn. Awọ tútù aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ èèpo ti èkíní gbọ́dọ̀ kan ti èkejì. Bí wọn kò bá kan ara wọn, òkú igi lẹ so mọ́ra. A ó fi ọ̀rá dì í pinpin, a ó sì da àpò ọ̀rá mìíràn bo ojú rẹ̀ kí ọyẹ́ má baà fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ọwọ́ mi ti lọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọsàn, ṣùgbọ́n ápù ṣì máa ń mú kí n gbọ̀n díẹ̀.

Níbo la ó ti rí ẹ̀ka wọn? Màmá, ibi yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi bá ọmọ yín wí. Kó má tún gbé igi tàbí ẹ̀ka sínú àpótí wọ̀lú mọ́. Igi tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé kò lárùn, tí ẹ̀ka ìdáàbòbò ohun ọ̀gbìn ti ìlú tó ti ń bọ̀ fọwọ́ sí, kí tiwa náà sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àrùn kan wà tó ń mú ápù àti píà, tó ń jẹ́ kí ẹ̀ka dúdú kí orí rẹ̀ sì tẹ̀ bí ìwọ̀, bí ẹni pé iná jó o. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti jáde. Ní 1957 ó dé England, ó sì tàn ká Yúróòpù láti ìgbà náà. Bẹ́ ẹ bá ní kò kàn wá nítorí a kì í gbin ápù, ẹ wo ìdin inú máńgòrò. Eṣinṣin tó ń yé ẹyin sínú máńgòrò wa lónìí, láti Asia ló ti wá. Ní 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Kenya, láàárín ìgbà díẹ̀ ó ti dé Benin. Ẹ bi àwọn ará Ṣábẹ àti Parakú ohun tó ṣe fún wọn. Ẹnì kan ló gbé e wá, inú ẹrù ẹnì kan ló wà, onítọ̀hún kò sì ní ibi lọ́kàn.

Ó seé ṣe kẹ́nì kan tún sọ fún yín pé oògùn wà tó ń jí igi. Ó wà lóòótọ́, hydrogen cyanamide ni, májèlé gidi ni. Ẹni tó bá fín in tó sì mu ọtí, bó tilẹ̀ jẹ́ gíláàsì kan, lè dá kú. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti yọ ọ́ kúrò lára oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí. Kí ó má wọ ẹ̀yìnkùlé tí ọmọdé ń ṣeré sí.

Bí ẹ̀ka tuntun bá mú, ọdún kan sí méjì la ó fi jẹ́ kó dàgbà. Nígbà òjò, ẹ fi okùn so òkúta kéékèèké mọ́ àwọn ẹ̀ka kí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí apá ẹni tó fẹ́ gbá èèyàn mọ́ra. Ẹ̀ka tó bá dúró ṣánṣán, orí rẹ̀ nìkan ló ń jẹ gbogbo oúnjẹ. Èyí tó bá tẹ̀, gbogbo ojú ara rẹ̀ ló ń rí jẹ. Nígbà tí òjò bá dá ní òpin Oṣù Kọkànlá, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni àá wá já gbogbo ewé. Ẹ má fà á wálẹ̀ o, ojú kékeré wà ní kọ̀rọ̀ ewé kọ̀ọ̀kan, òun gan-an là ń wá. Ẹ tì í sókè, á já fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ bomi rin ín dáadáa, ẹ fún un ní ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà. Mo mọ̀ pé omi kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣòfò ní Kétu láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Omi tẹ́ ẹ fi ṣan ìrẹsì àti èyí tẹ́ ẹ fi fọ ẹ̀fọ́ tó. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ yí ìdí rẹ̀ ká, kó jìnnà sí ara igi ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, torí ikán fẹ́ràn abẹ́ koríko. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, òdòdó á yọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún.

Oòrùn ọ̀sán Oṣù Kejì àti Ìkẹta ló máa ń pa èso kéékèèké. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòji sí apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, kó máa gba oòrùn àárọ̀ nìkan. Bí èso bá tó ẹyin ẹyẹlé, àpò bébà Montreuil ti dé nìyẹn: ẹ fi bébà tó nípọn wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi okùn dì í lẹ́nu. Ìgbà tí ápù yín bá ń pọ́n ni máńgòrò náà ń pọ́n, eṣinṣin ọ̀hún kì í sì í ṣe ojúsàájú.

Mi ò ní tàn yín. Ápù tó bá pọ́n ní Kétu kò ní pupa dáadáa, òru tútù ló ń fún un ní àwọ̀. Ó lè rọ̀ bí ìyẹ̀fun lẹ́nu. Ẹ lè rí mẹ́fà lọ́dún kan, kẹ́ ẹ má rí ẹyọ kan lọ́dún kejì. Ẹni tó bá fẹ́ ápù jẹ ní Kétu, ọjà ni kó lọ. Ẹni tó fẹ́ èso tó máa kún agbọ̀n, kó lọ́ agbálùmọ̀: láti kóró ó ń gba ọdún púpọ̀, lílọ́ ń dín in kù, ọyẹ́ tó ń yọ ápù lẹ́nu gan-an ni àsìkò tí agbálùmọ̀ ń pọ́n. Èmi gbìn ín sí ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ ilé-ìwé kò sì jẹ́ kí n rí èyí tó bọ́ sílẹ̀.

Àwọn tó ń bi mí nípa kóró ápù tí wọ́n rà lọ́jà, ẹ gbọ́ níbí kan náà: kóró náà ń fẹ́ oorun tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú fíríìjì, nínú aṣọ tútù. Á hù. Ṣùgbọ́n ohun tó máa so kò ní jọ ìyá rẹ̀.

Màmá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi wo nǹkan méjì kí n tó dé. Nísàlẹ̀ igi náà, ẹ ó rí ibì kan tó wú, tó tẹ̀ díẹ̀ bí orúnkún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ́ ọ. Ẹ wò ó bóyá ó wà lókè ilẹ̀. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá ti bò ó, ẹ fọwọ́ gbá a kúrò, ẹ má lo ọkọ́. Ẹ sì bi ọmọ yín bóyá ó ṣì ní ìwé pélébé tó wà lára igi nígbà tó rà á. Lábẹ́ orúkọ Calville, wọ́n á ti kọ lẹ́tà M tàbí MM pẹ̀lú nọ́ńbà kan. Ìdí igi nìyẹn. Bó bá jẹ́ M9, gbòǹgbò rẹ̀ kò lágbára, ẹ ri igi gbígbẹ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ so ó mọ́ ọn kí ìjì má baà gbé e. Bó bá jẹ́ MM 111, inú mi á dùn, ó ń fara da ọ̀dá.

Mò ń bọ̀ ní Kétu lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn Oṣù Kọkànlá fún ọ̀rọ̀ ọsàn ẹnì kan. Màá yà lọ́dọ̀ yín. Ẹ má já ewé kankan títí màá fi dé, omi dídì tó bá sì wà nínú fíríìjì, ẹ bá mi fi sí àdòyò.